Bóòtù ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ti jẹ: kí lẹ lè ṣe nílé, níbo lẹ ti gbọ́dọ̀ dúró?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo fẹ́ fúnra mi pààrọ̀ aàmù ìsàlẹ̀ (apá irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀) iwájú ọkọ̀ mi nílé. Bóòtù mẹ́ta ló dè é mú. Èyí tó di bóòlù jọ́ìǹtì (oríkèé tó wà ní ìpẹ̀kun aàmù) mọ́ nọ́kùlù (irin ńlá tí táyà so mọ́), orí bóòtù náà ti di róbótó, sọ́kẹ́ẹ̀tì kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Èyí tó wà níwájú aàmù jáde, àmọ́ irin wínníwínní tẹ̀ lé e jáde, nígbà tí mo sì dá a padà láti dán an wò, ó ń yí lófo, kò fún. Ẹ̀kẹta ń yí, síbẹ̀ kò sún síta rárá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi gọ́ọ̀mù onírin dí ihò tó ti jẹ yẹn, kí n sì ki bóòtù bọ̀ ọ́ kó tó gbẹ. Ṣé ó dára? Kí ni mo lè ṣe nílé, kí sì ni kí n gbé lọ fún ẹni tó ní irinṣẹ́ ju tèmi lọ?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú làálàá o. Kí n kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín lóhùn: ẹ má fi gọ́ọ̀mù kankan sí ihò bóòtù ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó lè dí ojú ibi tí omi ti ń jò, ó sì lè mú nǹkan tí kò gbé ẹrù dúró. Aàmù ìsàlẹ̀ kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òun ló ń mú táyà dúró sí àyè rẹ̀. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, tí táyà bá kó sí kòtò, tí ẹ bá yí kọ́nà, inú bóòtù mẹ́ta yẹn ni agbára náà ń gbà kọjá sára ọkọ̀. Tí ọ̀kan bá jọ̀wọ́ lórí eré, táyà á yà síbi tó wù ú, sítíárìn tó wà lọ́wọ́ yín ò sì ní lè dá a padà.

Ó dára bí ẹ ṣe sọ ìṣe bóòtù kọ̀ọ̀kan fún mi, nítorí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí tó ti di róbótó kò ní kí eyín inú ihò (ìlà yíyí tí bóòtù fi ń dì mú) bàjẹ́. Bóòtù tó ń yí lófo, orí tirẹ̀ lè dára bíi tuntun, kó jẹ́ pé ihò ló ti lọ. Èyí tó ń yí tí kò jáde, eyín rẹ̀ lè pé pérépéré, kó jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló gbá a mú. Ẹni tó bá fi ọ̀nà kan ṣoṣo kojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á ba èyí tí kò tíì bàjẹ́ jẹ́.

Nínú iṣẹ́ yìí, bóòtù ni a fi ń ṣòfò, ihò ni a ń dáàbò bò. Bóòtù ṣeé rà. Ihò tó bá jẹ lára nọ́kùlù tàbí lára fírémù, odidi irin ńlá lẹ máa pààrọ̀, tàbí kí ẹ wá wẹ́dà tó mọṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó fi páìpù gígùn kún ọwọ́ sípánà, ẹ kọ́kọ́ rò ó bóyá bóòtù ni agbára yẹn máa bà tàbí ihò.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ààbò kí ọwọ́ tó kan irin. Jáàkì ń gbé ọkọ̀ sókè ni, kì í gbé e dúró. Ẹ fi sítáàǹdì onírin sábẹ́ ibi tí ìwé ọkọ̀ fi hàn, kí ilẹ̀ le, kó sì tẹ́jú, kí ẹ dá táyà ẹ̀yìn dúró, kí ẹ sì ti táyà tí ẹ yọ sábẹ́ ìhà ọkọ̀, kó máa ṣọ́ yín. Ẹni tó ń fi gbogbo ara fa sípánà ń mi ọkọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ẹ tún wo ibi tí sípíríìǹgì jókòó sí. Tó bá jẹ́ ara ṣọ́ọ̀kì ló wà, tí aàmù kò gbé e, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Tó bá jẹ́ orí aàmù fúnra rẹ̀ ni sípíríìǹgì dúró lé, ẹ má tú bóòtù kankan níbẹ̀ láìní ìdè tí a fi ń fún sípíríìǹgì pọ̀. Tó bá fò jáde, ó lè pààyàn.

Ó yá, bóòtù olórí róbótó.

Ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ bóòlù jọ́ìǹtì ní kòtò kékeré tó yí i ká. Bóòtù yìí gba inú kòtò náà kọjá, ó sì tún ń fún ẹnu nọ́kùlù pọ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí bóòlù jọ́ìǹtì kò fi ní jáde bó ti wù kí ẹ lù ú tó, àfi tí bóòtù bá kúrò pátápátá. Ẹ wo òdìkejì rẹ̀ dáadáa. Nínú ọkọ̀ mìíràn, nọ́ọ̀tì ló wà níbẹ̀, ihò nọ́kùlù sì dán, kò ní eyín rárá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi orí róbótó sílẹ̀, nọ́ọ̀tì ni kí ẹ tú, kí ẹ sì lu bóòtù jáde láti ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bá orí bóòtù jà títí ilẹ̀ fi ṣú nígbà tó jẹ́ pé nọ́ọ̀tì wà lódìkejì lábẹ́ ẹrẹ̀, tí wọn kò rí i.

Tó bá jẹ́ inú nọ́kùlù fúnra rẹ̀ ni eyín wà, sùúrù ló kàn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdọ̀tí àti ìpẹtà kúrò ní orí àti ìdí bóòtù, kí ẹ fín ọ́ìlì tó ń wọ inú ìpẹtà sí i, kí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ tún fín in. Tó bá sùn mọ́jú, ó sàn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ fíìfíì. Láàárín ìgbà náà, ẹ máa fi òòlù gbá orí bóòtù tààrà, kó dún kíkankíkan, kì í ṣe kó tẹ̀. Gbígbá yẹn ló ń fọ́ ìpẹtà láàárín eyín, tí ọ́ìlì á fi rọ́nà wọlé. Ẹ̀ka iṣẹ́ yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń tú bóòtù.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun méjìlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ń di ìhà bóòtù mú, onígun méjìlá ń di etí rẹ̀ mú, etí náà ló sì ti lọ yìí. Tí orí bóòtù bá jẹ́ 17 tẹ́lẹ̀, ẹ fi òòlù gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 onígun mẹ́fà wọ̀ ọ́ lórí ṣinṣin. Tí kò bá mú, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà tí eyín inú rẹ̀ lọ́, tó jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń tú u ni ó túbọ̀ ń gé wọ inú orí bóòtù. Owó tí ẹ bá ná lórí rẹ̀ kò ṣòfò. Kí ẹ tó fà á síhà títú, ẹ kọ́kọ́ fà á síhà fífún díẹ̀, kó kàn mira. Tó bá ti yí díẹ̀ lápá títú, tó sì tún le, ẹ má fi ipá tẹ̀ síwájú: ẹ dá a padà, ẹ fín ọ́ìlì, ẹ tún tú u. Bíbọ̀-lílọ yẹn ló ń gba eyín ihò là. Tí ẹ bá fà á tagbáratagbára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìpẹtà á ha eyín nọ́kùlù dànù bó ṣe ń jáde.

Ohun tó dájú jù lọ lọ́wọ́ tèmi ni kí wẹ́dà jó nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ orí bóòtù náà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ rí ibi tí sípánà máa di mú, tí iná ìjórin sì tún mú bóòtù gbóná láti inú wá. Irin tó gbóná ń wú, tó bá tutù ó ń sún kì, ìpẹtà tó lẹ̀ mọ́ ọn á sì já. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí ẹ tó tú u. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ wọ̀nyí dáadáa. Ẹ yọ orí bátìrì ọkọ̀, kí wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ ìjórin wà nítòsí ibi tí wọ́n ń jó gan-an, kí iná mọ̀nàmọ́ná má baà gba inú bíárìn táyà kọjá. Ẹ ká wáyà sẹ́ńsọ̀ ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí bíréèkì ti táyà pa) àti họ́ọ̀sì bíréèkì kúrò lọ́nà. Ẹ má sì fi omi ìfọ̀ bíréèkì tó ní kílórínì nínú fọ irin tí ẹ fẹ́ jó tàbí kí ẹ fi iná sí: tí iná bá kàn án, ó lè yọ gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní phosgene, májèlé tí díẹ̀ rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ kí èèyàn tó mọ̀ pé òun ti fà á símú. Omi àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kó sì gbẹ.

Tí nọ́kùlù yín bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ gbé iná jìnnà. Ẹ fi máágínẹ́ẹ̀tì dán an wò. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ̀mù ni. Kì í pọ́n kí ó tó yọ́, nítorí náà ojú kò lè sọ fún yín pé ooru ti pọ̀ jù, agbára irin náà sì ti lọ kí ẹ tó mọ̀.

Tí orí bóòtù bá já kúrò, ẹ má bínú lu ihò náà wéré. Ẹ fi pọ́ńṣì sàmì sí àárín gbùngbùn bóòtù, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíìtì kékeré, kí dírílì máa yí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì. Bóòtù ẹsẹ̀ ọkọ̀ le gan-an. Bíìtì lásán á gbóná, á sì kú. Bíìtì kóbáàtì ni kí ẹ wá, tí ẹ bá sì rí èyí tó ń yí sápá òsì, ó sàn jù, torí ó lè tú bóòtù jáde bó ṣe ń lù ú. Ẹ ṣọ́ra fún irinṣẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń gbá wọ inú ihò láti fi yọ bóòtù tó já. Tí ìyẹn bá kán sínú bóòtù, bíìtì ilé kankan kò ní lè lù ú mọ́, ẹ sì ti fi ìṣòro méjì dípò ọ̀kan. Ìwọ̀n tí ẹ lè lù dé kò ṣòro: ẹ yọ àlàfo eyín (ìjìnnà eyín kan sí èkejì) kúrò nínú fífẹ̀ bóòtù. M12 (bóòtù tó fẹ̀ ní 12 mm) tí àlàfo eyín rẹ̀ jẹ́ 1.5 mm, ẹ má kọjá 10.5 mm. M10 tó jẹ́ 1.25, 8.75 ni, bíìtì 8.8 ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Ohun tó bá kù lára eyín ihò lẹ máa fi nǹkan ṣóńṣó yọ bíi wáyà.

Bóòtù kejì, èyí tó ń yí lófo, ni kí ẹ fi sùúrù jù lọ sí. Ẹ wo irin wínníwínní tó bá a jáde. Tó bá jẹ́ okùn irin tó ká mọ́ra, tó kún àárín eyín bóòtù, eyín ihò lẹ ń wò yẹn. Tí eyín bóòtù fúnra rẹ̀ ló tẹ́jú, tí ihò mọ́ tónítóní, inú mi á dùn, torí bóòtù tuntun nìkan lẹ nílò. Ẹ wo inú ihò pẹ̀lú iná kí ẹ tó gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó sábà máa ń jẹ́ pé eyín àkọ́kọ́ díẹ̀ ló bàjẹ́, torí ẹnìkan ti ki bóòtù wọ̀ ọ́ lọ́nà wíwọ́ tàbí ti fi ẹ̀rọ ìtúbóòtù fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí inú lọ́hùn-ún bá ṣì dára, ẹ fi táàpù (irinṣẹ́ tó ń gé eyín sínú ihò) tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu tún eyín náà ṣe. Ẹ fi ìka wọ táàpù ná, kó jókòó gbọọrọ, kí ẹ tó lo ọwọ́ rẹ̀. Ìlàjì ìyípo síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn, pẹ̀lú ọ́ìlì. Ẹ mọ àlàfo eyín yín dájú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. M12×1.25 àti M12×1.5 jọra lójú, nọ́ọ̀tì ọ̀kan á sì wọ èkejì ní ìyípo kan tàbí méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ gan-an ni tiyín ṣe bàjẹ́.

Tí eyín bá ti lọ jìnnà, ọ̀nà tó ń dá agbára ihò padà ni kí a lù ú fẹ̀ díẹ̀, ká gé eyín ńlá sínú rẹ̀, ká sì fi eyín tuntun wọ̀ ọ́. Irú kan wà tó jẹ́ wáyà líle tí wọ́n ká, àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí Helicoil. Irú kejì jẹ́ irin gbọọrọ tó ní eyín nínú àti lóde. Fún ibi tí bóòtù yóò máa wọlé tó sì ń jáde, irin gbọọrọ ni mo fẹ́ràn. Ẹ tẹ̀ lé ìwọ̀n bíìtì tí wọ́n kọ sára irinṣẹ́ náà, ẹ má fi ojú díwọ̀n. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ nílé ni dírílì tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: bóòtù á wọ ihò, àmọ́ orí rẹ̀ kò ní jókòó pẹrẹsẹ, ìhà kan ṣoṣo ni yóò máa gbé gbogbo ẹrù, títí yóò fi já. Tí kò bá sí ohun tó máa mú dírílì yín dúró gbọọrọ, ẹ má lù ú.

Gbogbo èyí jẹ́ fún ibi tí irin bá nípọn. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bóòtù aàmù kì í wọ irin nípọn. Nọ́ọ̀tì kan ni wọ́n jó mọ́ inú fírémù. Ògiri nọ́ọ̀tì náà kò fẹ̀. Tí ẹ bá lù ú láti fi eyín mìíràn sí i, ìwọ̀nba irin tó ṣẹ́kù kò ní lè gbé ẹrù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ilé ti dópin: kí wẹ́dà gé nọ́ọ̀tì náà kúrò, kó jó tuntun tí agbára rẹ̀ tó ti àtijọ́ síbẹ̀. Ẹ má sì gbọ́ ti ẹni tó bá ní kí ẹ lo bóòtù tó tóbi jù, kí ẹ fi dírílì fẹ ihò bọ́ọ̀ṣì aàmù (rọ́bà tó ní irin róbótó láàárín). Ihò bọ́ọ̀ṣì yẹn bá bóòtù rẹ̀ mu rẹ́gí.

Ẹ̀kẹta ń yí, kò jáde. Ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sí orí bóòtù, kí ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ sípánà. Tó bá fà padà fúnra rẹ̀, bóòtù ti lẹ̀ mọ́ irin róbótó tó wà láàárín bọ́ọ̀ṣì, rọ́bà lẹ sì ń lọ́ yẹn, kì í ṣe bóòtù lẹ ń tú. Tó bá ń yí lọ láìpadà, tí kò sún síta, ó ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀tì inú fírémù ti já kúrò níbi tí wọ́n jó o mọ́, kó máa bá bóòtù yí.

Ti àkọ́kọ́ rọrùn fún yín, torí aàmù tí ẹ fẹ́ sọnù ni. Ẹ fi ayùn irin gé bóòtù ní ìhà méjèèjì bọ́ọ̀ṣì, láàárín aàmù àti etí fírémù, kí ẹ má fi ayùn kan fírémù. Ẹ má fi iná sí i láti fi jó rọ́bà. Èéfín rẹ̀ kò dára, iná sì lè gbà kọjá sí ibi tí ọ́ìlì wà. Aàmù á jáde, ẹ̀yin á sì lè fi pílíásì agbámú tú ìyókù bóòtù tó wà nínú nọ́ọ̀tì. Ti èkejì nílò kí ẹnìkan di nọ́ọ̀tì inú lọ́hùn-ún mú. Ẹ kọ́kọ́ wo gbogbo ara fírémù bóyá ihò wà tí sípánà tàbí irin pẹlẹbẹ lè gbà wọlé. Tí kò bá sí, fèrèsé ni wọ́n máa gé sára fírémù, wọn a tún jó o padà, wọn a sì kùn ún kó má dógùn-ún. Mi ò ní gba yín nímọ̀ràn láti gé e nílé, torí ibi tí a bá gé àti bí a ṣe jó o padà ló máa sọ bóyá fírémù á ṣì le.

Gbogbo bóòtù tí ẹ bá ti fi iná kàn, tí ẹ ti lù, tàbí tí orí rẹ̀ ti jẹ, ẹ jù ú nù. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí èyí tí ẹ máa rà. 8.8 túmọ̀ sí pé agbára rẹ̀ kó tó já tó 800 MPa (ìwọ̀n agbára irin), 10.9 tó 1000, kò sì ní nà títí láé kó tó dé nǹkan bí 900. Ẹ má fi 8.8 rọ́pò 10.9. Bóòtù onírin tí kì í dógùn-ún tó wọ́pọ̀ lọ́jà ń dán, àmọ́ agbára tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 700, kò yẹ níbí. Nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà tàbí náílọ́ọ̀nù lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń lò ó. Ọ̀pọ̀ olùṣe ọkọ̀ tilẹ̀ ní kí a pààrọ̀ bóòtù aàmù ní gbogbo ìgbà tí a bá tú u; tí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe é.

Kí gíríìsì wà lára ibi dídán tó gba inú bọ́ọ̀ṣì kọjá, kó má baà tún lẹ̀ mọ́ ọn. Eyín bóòtù ni kí ẹ fi sílẹ̀ bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí. Tí eyín bá ń yọ̀, ìwọ̀n kan náà lórí sípánà tọ́ọ̀kì (sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń fún bóòtù) á fún un ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ lè na bóòtù tuntun tàbí kí ẹ tún já eyín tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo bóòtù wọlé ní ìyípo bíi mélòó kan kí irinṣẹ́ tó kàn wọ́n.

Ẹ má fún bóòtù bọ́ọ̀ṣì dé òpin nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ sísàlẹ̀. Nígbà náà, rọ́bà á jókòó sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ọkọ̀ bá sì balẹ̀, á máa lọ́ tọ̀sán-tòru títí á fi ya. Ẹ fún un díẹ̀, ẹ gbé aàmù sókè pẹ̀lú jáàkì títí ẹsẹ̀ ọkọ̀ á fi wà bíi pé ó dúró lórí ilẹ̀, kí sítáàǹdì sì ṣì wà lábẹ́ ara ọkọ̀, ẹ wá fi sípánà tọ́ọ̀kì parí rẹ̀ ní ìwọ̀n tó wà nínú ìwé. Bóòtù bóòlù jọ́ìǹtì kò ní rọ́bà láti lọ́, ẹ lè fún un níbi tó bá wà.

Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kékeré láti orí bóòtù dé ara irin lẹ́yìn tí ẹ bá fún un. Tí ẹ bá ti wakọ̀ ní nǹkan bí 100 kìlómítà, ẹ wò ó bóyá ìlà náà ṣì gún. Kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wo ìdúró táyà lórí ẹ̀rọ, torí aàmù tí a pààrọ̀ máa ń yí i padà, pàápàá tí ihò bóòtù bá gùn, tí aàmù ń sún nínú rẹ̀. Tí ẹ bá rí irú ihò bẹ́ẹ̀, ẹ sàmì sí ibi tí bóòtù àtijọ́ wà kí ẹ tó tú u, kí ọkọ̀ lè rìn gún dé ibi tí wọ́n á ti wò ó.